Oníṣòwò Àdúgbò àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìlú

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ìjọba àti ìjọ Ọlọ́run ni a sáábà máa ń dárúkọ. A kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí oníṣòwò. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nígbà tí T. B. Macaulay fẹ́ ṣí C.M.S. Grammar School ní Èkó ní ọdún 1859, J. P. L. Davies, ọ̀gá ọkọ̀ òkun tí ó di oníṣòwò, ni ó fún un ní 50 pọ́n-ùn láti fi ra ìwé àti ohun-èlò. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ó di ọdún 1867 kí Davies tó dá 100 pọ́n-ùn sí owó ilé kíkọ́. Ẹ kíyèsí i pé ìwé ni ó ṣáájú, ògiri ni ó tẹ̀ lé e.

Ní Iléṣà, Ẹgbẹ́ Atúnlùúṣe ni ó dá Iléṣà Grammar School sílẹ̀ ní 1934, ní ìgbà tí òwò òṣómàáló gbilẹ̀ láàárín àwọn Ìjẹ̀ṣà. Aṣọ ni wọ́n ń tà láwìn káàkiri, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń gba owó rẹ̀. Bí onígbèsè bá ń fònídónìí-fọ̀ladọ́la, oníṣòwò náà yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí yóò fi gba owó rẹ̀. N kò sọ pé òṣómàáló nìkan ni ó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà o. Ọgbọ́n tí ó wà nínú òwò náà ni mo fẹ́ kí a yá lò.

Nítorí kí ni à ń ṣe lónìí? A ó pe ayẹyẹ ìkówójọ, a ó yan alága, onílù yóò ki ọlọ́jà àti alágbàṣe, oníkálukú yóò sì pe iye ńlá. Àtẹ́wọ́ á sọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ta ni yóò lọ gba owó náà?

Àwọn kan yóò ní iléeṣẹ́ ńlá ti san owó orí ẹ̀kọ́. Òótọ́ ni. Òfin ọdún 1993 bu ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn fún ẹ̀kọ́, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé yunifásítì. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2011 yí i padà: ó fi owó náà mọ sí ọ̀dọ̀ àwa yunifásítì, àwọn pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni. Àwa ni a jàǹfààní. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Èrò tèmi ni pé kí a má ṣe béèrè owó ńlá lọ́wọ́ oníṣòwò àdúgbò, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kí a béèrè. Kí káfíńtà tún bẹ́ǹṣì mẹ́wàá ṣe ní ìsinmi kọ̀ọ̀kan. Kí òǹtẹ̀wé bá wọn tẹ ìwé ìdánwò. Kí télọ̀ rán aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ méjì tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ sì máa ka ìwé náà sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Àkọsílẹ̀ yìí yóò gba ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ó fún wọn ní àga lónìí lè wá béèrè etí pápá ìṣeré lọ́la láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Ta ni yóò wá lóṣòó? Àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń lọ sílé fún ìsinmi ni mo ní lọ́kàn. Ìwé àkọsílẹ̀ kan àti ènìyàn méjì tí ojú kì í tì láti béèrè ti tó fún abúlé kan.