Ṣé Mọ́ńkì Pósì Ń Kọ́ Wa Ní Bọ́ọ̀lù, Àbí Ó Ń Ba Ẹsẹ̀ Wa Jẹ́?

Láti ìgbà tí wọ́n ti kéde pé ilé-ìwé wa máa ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin ní sáà tó ń bọ̀, àríyànjiyàn kan ò kúrò lẹ́nu àwọn ará SS2. Àwọn kan ní àwa ọmọbìnrin ò lè ṣe é, pé mọ́ńkì pósì nìkan la mọ̀, àti pé mọ́ńkì pósì máa ń ba ẹsẹ̀ èèyàn jẹ́ fún pápá ńlá. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, bọ́ọ̀lù ni bọ́ọ̀lù. Èmi náà wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká fi ìṣirò wò ó dípò ariwo.

Pápá tí wọ́n fi ń gbá ìdíje àgbáyé gùn ní mítà 105, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 68. Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, a ó rí 7,140. Ẹ pín in fún èèyàn 22, ó máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan bíi 324. Mo wá fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí àwa ń gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Ó tó bíi mítà 25 sí 15, ìyẹn 375. Èèyàn mẹ́wàá la máa ń wà níbẹ̀, nítorí náà 37 àti ààbọ̀ ló kan ẹnì kan. Ó kù díẹ̀ kí àyè ẹni tó wà ní pápá ńlá jẹ́ ìlọ́po mẹ́sàn-án tiwa.

Inú ìṣirò yẹn ni ẹ̀kọ́ mọ́ńkì pósì wà. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ẹnìkan ti ń mí sí ọ lọ́rùn. Bí bọ́ọ̀lù bá fi ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ, ó ti lọ nìyẹn. Ẹsẹ̀ á wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ bọ́ọ̀lù ní ìtẹ̀kan kó dákẹ́, ojú á sì kọ́ láti wo ẹni tí wọ́n máa fún kí bọ́ọ̀lù tó dé rárá. Òkúta àti kòtò ilẹ̀ wa náà ń ṣe tiwọn, torí bọ́ọ̀lù ò ní wá síbi tó o rò. Ní pápá ńlá, nọ́mbà méje lè dúró títí kó máa kí atẹ́gùn.

Ẹ má sì gbàgbé òfin sẹ́tì. Gòólù méjì péré, ẹ ti jáde, ẹni tó borí ló ń dúró. Àwa tí a ń ti ilé wá sí ilé-ìwé mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: bí o bá jáde ní aago márùn-ún, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ ṣú kó tó kàn ọ́ padà, omi tí wàá pọn sì ń dúró dè ọ́ nílé. Kò sẹ́ni tó ń fi sẹ́tì ṣeré.

Kì í ṣe Kabba nìkan ni wọ́n ti mọ èyí. Ní ọdún 1930, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Juan Carlos Ceriani ní Montevideo, orílẹ̀-èdè Uruguay, ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ni-márùn-ún kan tí wọ́n lè gbá sínú ilé, lórí ilẹ̀ tí kò ju ti básíkẹ́ẹ̀tì lọ. Òun ni wọ́n ń pè ní futsal lónìí. Orí rẹ̀ ni Ronaldinho ti kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní Brazil. Jay-Jay Okocha tiwa, ojú títì ní Enugu ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rí gòólù tó jẹ Oliver Kahn ní Jámánì lọ́dún 1993, tó ń yí síwá yí sẹ́yìn láàárín àwọn èèyàn nínú àyè tí kò ju yàrá lọ, á mọ̀ pé kì í ṣe pápá ńlá ló kọ́ ọ nìyẹn. Asisat Oshoala náà bá àwọn ọmọkùnrin gbá a ní Ìkòròdú kó tó di ẹni tó dára jù lọ níbi ìdíje àgbáyé àwọn obìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún, ní Kánádà, lọ́dún 2014.

Àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù pàápàá ní irú ọ̀rọ̀ yìí, torí àwọn náà ní pápá kúkúrú. Ní Augusta ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje ńlá Masters ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ díje lórí pápá kékeré oníhò mẹ́sàn-án. Láti 1960 tó ti bẹ̀rẹ̀ títí di 2025, kò sí ẹnìkan tó borí ní ti kékeré tó tún gba ti ńlá lọ́dún kan náà. Mi ò ní pápá kékeré ló ṣépè fún wọn. Ṣùgbọ́n ìgbá jẹ́jẹ́ lẹ́bàá ihò ni ó ń kọ́ni, kò kọ́ni ní ìgbá tó ń lọ jìnnà.

Ibẹ̀ gan-an ni tiwa náà ti kù. Ẹ rántí ìgbà tí àwọn ọmọkùnrin wa lọ bá ilé-ìwé kan gbá ní sáà tó kọjá. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún pátákó yìí. Ẹsẹ̀ wọn dùn ju ti àwọn tó gbà wọ́n lálejò lọ, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Àmọ́ níbi tí bọ́ọ̀lù bá wà, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, bí adìẹ tó rí àgbàdo. Nọ́mbà mọ́kànlá wa dá wà ní òdìkejì, ó ń jùwọ́, ó ń pariwo, kò sẹ́ni tó gbójú sókè wò ó. Ta ló máa wò ó? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, kò sí òdìkejì. Nígbà tí wọ́n gba kọ́nà sí wa, bọ́ọ̀lù gba orí aṣọ́lé wa kọjá. Mọ́ńkì pósì ò ní aṣọ́lé, òkúta méjì ni ilé rẹ̀. Ojú ilé gidi sì fẹ̀ ní mítà 7.32, ó ga ní 2.44. Kò sí ìfi-orí-kàn níbẹ̀, kò sí ọfúsáìdì, kò sì sí irú eré etí ìlà tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí máa ń sá láyé ọjọ́un. Mítà 25 ò gba irú eré bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, mi ò gbà pé mọ́ńkì pósì ń ba ẹsẹ̀ jẹ́. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ni kò kọ́ni. Àwọn tó ń bú u, kí wọ́n sọ fún mi: ìgbà mélòó ni àwọn ọmọkùnrin yẹn fi ẹsẹ̀ kan pápá ńlá kí wọ́n tó lọ? Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ohun tí mò ń bẹ ọ̀gá tó ń rí sí eré ìdárayá ni pé kí wọ́n fún àwa obìnrin ní pápá ńlá lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìparí ilé-ìwé, torí kò sẹ́ni tó ń lò ó lọ́jọ́ yẹn. Kí ẹnìkan dúró ní ojú ilé gidi, kí ẹni méjì máa gbá kọ́nà sí i. Kí òfin wa sì jẹ́ pé ẹni tó bá gba bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ wo òdìkejì kó tó fún ẹnikẹ́ni. Láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òkúta wa sílẹ̀ fún wa. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ wa ń jò, ẹni tí pọ́ǹpù bá wà nílé wọn kó bá wa mú un wá.