Ìran Méjì Lórí Pákó Kan

Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra, ṣùgbọ́n pákó ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4 kì í ṣe ojú ọ̀run. Odindi pákó yìí náà ni ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àwòṣe ọkọ̀ ojú irin sínú yàrá ní Ìfọ̀ tàbí Mówe máa rí rà. Ní òṣùwọ̀n HO, níbi tí ìdá kan ti dúró fún 87, gígùn pákó náà kò ju mítà 212 lọ ní ayé gidi. Ojú irin tuntun tó ti Ebute Metta dé Mọ́níyà, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, gùn tó kìlómítà 157. Bí a bá ní ká kọ́ gbogbo rẹ̀ ní òṣùwọ̀n yìí, á gba nǹkan bí kìlómítà 1.8. Kò sí yàrá tó gba ìyẹn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tó ń kọ́ ọ á kó Èkó, Ìfọ̀ àti Abẹ́òkúta sórí pákó kan, kò sì ní fi nǹkan kan dí wọn lójú ara wọn. Bí àpáta Olúmọ bá wá ń wo ọjà Ìfọ̀ láti ìwọ̀n apá kan, ojú á ka ààyè tó wà láàárín wọn, á sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Ohun tí mo ń gbà yín nímọ̀ràn ni pé kí ẹ gbé ìkélé tó dúró bí ògiri sí àárín pákó, kí ẹ sọ ọ́ di ìran méjì.

Àwọn eléré orí ìtàgé wa ti mọ èyí tipẹ́. Láti ìgbà tí Hubert Ògúǹdé, ọmọ Òṣòsà, ti bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀ ní 1944, kò sí òǹwòran tó bínú pé ààfin àti igbó kò hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣọ bò, aṣọ ṣí, a sì gbà pé a ti rìn jìnnà. Frank Ellison, ará Amẹ́ríkà tó gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, sọ ohun kan náà nípa àwòṣe: pákó ni ìtàgé, ọkọ̀ ojú irin ni òṣèré.

Fún ará Ìfọ̀, ojú irin àtijọ́, èyí tó wọ Ìbàdàn ní 1901, ni mo yàn. Irin HO tó fẹ̀ ní mílímítà 16.5 bá ti tuntun mu régí. Ti àtijọ́, tó fẹ̀ ní mílímítà 1067, irin mílímítà 12 ló sún mọ́ ọn. Kí ojú kan jẹ́ Ìfọ̀, pẹ̀lú ọjà, ibùdókọ̀ àti irin tó yà lọ sí Ìdógò. Kí ojú kejì jẹ́ Abẹ́òkúta, pẹ̀lú àpáta, òrùlé páànù tó ti dípẹtà, àti afárá lórí odò Ògùn. Ẹ jẹ́ kí ìkélé náà dagun díẹ̀, kí ìran kan lè jìn ju èkejì lọ, kí ẹ sì kun ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹ ti kun iwájú, kó má baà tẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n níhìn-ín ògiri gbọ́dọ̀ lanu kí ọkọ̀ lè kọjá, iṣẹ́ wa sì ni láti fi ẹnu náà pamọ́. Lápá Abẹ́òkúta, àpáta àti igi ti tó. Lápá Ìfọ̀, ilé alájà méjì tàbí afárá mọ́tò á bò ó. Ọkọ̀ náà kò sì gbọ́dọ̀ gùn jù: bí orí rẹ̀ bá ti yọ sí Abẹ́òkúta nígbà tí ìrù ṣì wà ní Ìfọ̀, gbogbo iṣẹ́ ti bàjẹ́. Kóòṣì mítà 20 á di sẹ̀ǹtímítà 23, nítorí náà ẹ́ńjìnnì àti kóòṣì méjì kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 70 lọ. Ó tó.

Àwọn kan á ní ìkélé ń jẹ ààyè tí kò tó tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ tó ń gbà kò ju ìka kan lọ. Ìríran ló ń gé, ìríran náà ló sì yẹ ká gé. Àwọn mìíràn á ní ọmọdé fẹ́ máa rí ọkọ̀ náà nígbà gbogbo. Ẹ dá a dúró ní ẹ̀yìn ìkélé fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wo ojú ọmọ náà nígbà tó bá yọ padà: ìdúró yẹn ni ìrìn àjò. Àtakò tó wúwo jù ni ti ẹni tó ń gbé yàrá kan, tí pákó rẹ̀ gbọ́dọ̀ fara ti ògiri. Kò ní lè dé ẹ̀yìn bí ọkọ̀ bá yẹ̀ kúrò lórí irin. Kí onítọ̀hún dá ìkélé náà sí ìbú pákó, kí ìran méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó sì fi ìdè dè é dípò gọ́ọ̀mù, kó lè ṣeé yọ.

Ará Mówe àti Ìbàfò á bèèrè ìran kẹta fún ìlú tiwọn. Mo lóye ìfẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n títì Èkó sí Ìbàdàn ló gba ibẹ̀, ojú irin ò gba ibẹ̀. Kí wọ́n kọ Mówe sára bọ́ọ̀sì kékeré kan níwájú ibùdókọ̀ Ìfọ̀. Ìran kẹta á fún méjì tó kù lọ́rùn.

Kí ẹ tó kan ìṣó kankan, ẹ gbé páálí lásán dúró sí àárín pákó náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ jókòó sí apá kan, lẹ́yìn náà ẹ bọ́ sí apá kejì, kí ẹ sì wò ó dáadáa.