Ibi Tí Ẹrù Ń Gbà Ni Kí O Tọ́jú: Ẹ̀kọ́ Lára Ọkọ̀ Onígbòkun Àti Tírélà Rẹ̀

Lọ́sẹ̀ yìí, abala Ìmọ̀ Ẹ̀rọ fẹ́ mú yín dé etí ọ̀sà. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ti máa rẹ́rìn-ín pé, "Ìjerò, Arámọkọ, Ẹfọ̀n, níbo la ti rí ọ̀sà?" Òótọ́ ni. Omi tí wọ́n mọ̀ wá mọ́ níhìn-ín ni omi gbígbóná Ìkọ́gòsì àti omi Àríǹta tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta ní Ìpólé-Ìlórò. Kò sí èyí tó gba ọkọ̀ onígbòkun nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n òfin tó di òpó ọkọ̀ mú lójú omi náà ló di ẹrù mú lẹ́yìn katakata tó ń ti oko bọ̀, òun náà ló sì wà nínú ìdánwò Físíìsì tí WAEC ń ṣe fún wa. Ẹ jẹ́ ká lọ kọ́ ọ níbi tó ti hàn kedere jù.

Ọkọ̀ wo là ń sọ?

Ní Èkó, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ìgbòkun wa ọkọ̀, Lagos Yacht Club, ti wà láti ọdún 1932. Ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ tí wọ́n ń wà níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Lightning. Ilé iṣẹ́ Sparkman & Stephens ní New York ló ya àwòrán rẹ̀ ní ọdún 1938. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 19, èyí tí kò pé mítà 6. Èèyàn mẹ́ta ló máa ń wà á. Ara ọkọ̀ náà nìkan kì í fúyẹ́ ju kílò 318 lọ. Ó ní pélébé irin kan láàárín, tí wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ sínú omi kí atẹ́gùn má baà máa ti ọkọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ lọ.

Kì í ṣe àwọn ẹlẹ́gbẹ́ yìí nìkan ló ń lo ìgbòkun o. Àwọn tó ń wa yanrìn ní ọ̀sà Èkó náà máa ń ta aṣọ alábùlẹ̀ sókè, kí atẹ́gùn lè gbé wọn lọ sílé láìra epo.

Nítorí pé Lightning kò tóbi, mọ́tò lè fà á lórí tírélà. Tírélà tí mo ń wí kì í ṣe èyí tó ń kó sìmẹ́ǹtì o. Fírémù onírin ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, tí wọ́n ń so mọ́ ìdí mọ́tò.

Bí irú ọkọ̀ báyìí bá ti gbó, ẹni tó ni ín á fẹ́ tún un ṣe. Owó rẹ̀ lè má tó. Kí ló yẹ kó kọ́kọ́ rà? Púpọ̀ èèyàn á sáré lọ ra èyí tó ń dán. Ìdáhùn tiwa nìyí: tẹ̀lé ẹrù náà, kí o wo ibi tó ń gbà.

Tẹ̀lé ẹrù náà

Àwọn àgbà ní, bí okùn bá gùn títí, ó níbi tí wọ́n ti ń fà á. Atẹ́gùn fẹ́ lu ìgbòkun. Ìgbòkun fa okùn, ó sì ti òpó. Òpó fẹ́ ṣubú, àmọ́ wáyà tó wà níwájú rẹ̀ àti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dì í mú. Pín kan ló so wáyà kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ọkọ̀. Tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ kúrò lómi, fírémù tírélà ló máa gbé e. Láti fírémù, ẹrù lọ sórí síprìnì, ó dé bẹ́árìn, ó dé táyà, ó sì dé ojú títì.

Gbogbo wọn ló so kọ́ra. Bí èyí tó kéré jù bá já, èyí tó tóbi jù ti di òfo nìyẹn. Ẹni tó bá ra wáyà tuntun olówó ńlá, tó wá fi pín tó ti jẹ so ó, kò tíì tún nǹkan kan ṣe.

Pín, wáyà àti ìpẹtà

Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni pín kékeré tó ń gba ìdí pín ńlá kọjá kí ti ńlá má baà yọ. Kò gùn tó ìka ọwọ́, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan, àmọ́ tó bá bọ́, pín ńlá á máa yọ díẹ̀díẹ̀, wáyà á tú, òpó á wó lu àwọn tó wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, òun ni ká kọ́kọ́ pààrọ̀. Ká fi téèpù wé orí rẹ̀, kó má baà fa ìgbòkun ya, kó má sì gé èèyàn lọ́wọ́.

Wáyà tó di òpó mú kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Fọ́nrán púpọ̀ ni wọ́n lọ́ pọ̀. Fọ́nrán kan lè já kí ojú má tètè rí i. Ẹ mú òwú, ẹ fi pọ́n wáyà náà, ẹ fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níbi tí òwú bá ti há, fọ́nrán ti já níbẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ lásán ṣe é o, ó máa gún yín. Wáyà tí fọ́nrán rẹ̀ bá ti já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kò ṣeé dì.

Ẹ̀yin ti Kẹ́mísírì, ọ̀rọ̀ yín ló kàn. Irin tí wọ́n ń pè ní stainless kì í tètè dípẹtà nítorí chromium tó wà nínú rẹ̀. Chromium yìí àti oxygen ló ń bo irin náà lára bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àmọ́ tí omi iyọ̀ bá há sí kọ̀rọ̀ tí atẹ́gùn kò dé, awọ náà kò ní lè tún ara rẹ̀ ṣe mọ́, irin á máa jẹ láti inú. Ìdí nìyí tí ibi tí wáyà ti wọnú orí irin fi máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, tí òde rẹ̀ sì ń dán.

Ohun mìíràn tún wà. Òpó ọkọ̀ òde òní, alúmíníọ̀mù ni. Tí wọ́n bá fi síkúrù stainless dè é láìfi nǹkan kan sáàárín, omi iyọ̀ á sọ méjèèjì di bátìrì kékeré. Alúmíníọ̀mù ni yóò máa jẹ, nítorí òun ló tètè ń fi elektrọ́ọ̀nù sílẹ̀. Rọ́bà tàbí ọ̀dà pàtàkì tí wọ́n fi sáàárín wọn ló ń gbà á sílẹ̀.

Púlì: ẹ jẹ́ ká ṣírò

Okùn tó ń fa ìgbòkun máa ń gba inú púlì. Ká ní ìgbòkun ń fà pẹ̀lú agbára 400 N, okùn mẹ́rin ló sì ń gbé e láàárín àwọn púlì. Velocity ratio jẹ́ 4. Ká ní púlì kò há rárá, 100 N la máa fi fà á. Ṣùgbọ́n kò sí púlì tí kì í há.

Ká ní ti àtijọ́ ti gbó débi pé efficiency rẹ̀ kò ju 50% lọ. Mechanical advantage á jẹ́ 4 × 0.5 = 2. Agbára tí a nílò á jẹ́ 400 ÷ 2 = 200 N, bíi kí èèyàn máa gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 20. Tí a bá fi púlì tuntun tó ní bẹ́árìn rọ́pò rẹ̀, tí efficiency di 80%, mechanical advantage á di 3.2, agbára á sì di 125 N. Ọmọbìnrin SS1 lè fà á láìmikanlẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé kò sí ọ̀fẹ́ nínú Físíìsì o: okùn mítà 4 lẹ máa fà kí ìgbòkun tó wọlé ní mítà 1.

Ibi tí púpọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyí. Bí okùn tó ní agbára 400 N bá wọnú púlì, tó sì yí padà síbi tó ti wá, ìdí púlì náà ń gba 800 N, torí ẹsẹ̀ okùn méjèèjì ló ń fà á. Tó bá yí ní igun 90°, á gba nǹkan bíi 566 N. Nítorí náà, bí a bá fi síkúrù kúkúrú kan púlì tuntun mọ́ ara ọkọ̀, púlì kò ní fọ́, àmọ́ yóò fà tu. Bóòtù tó gba inú já sí òdì kejì ló yẹ, kí pélébé irin wà lábẹ́ rẹ̀ kí nọ́ọ̀tì tó dé.

Tírélà: ibi tí ẹ̀mí wà

Ẹni tó bá ti wọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Ẹfọ̀n mọ̀ bí ẹrù ṣe ń ti mọ́tò láti ẹ̀yìn. Nǹkan mẹ́ta ló ṣe pàtàkì lára tírélà.

Àkọ́kọ́ ni ibi tí ẹrù jókòó sí. Bí ẹrù bá wúwo sẹ́yìn táyà, ìdí tírélà á máa jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún tí mọ́tò bá ń sáré, ó sì lè dojú mọ́tò dé. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń jẹ́ kí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo rẹ̀ tẹ ìdí mọ́tò. Ká ní ọkọ̀ àti tírélà jẹ́ kílò 600 lápapọ̀, ibi ìsomọ́ sì jìnnà sí irin ìdábùú táyà ní mítà 4. A fẹ́ kílò 60 níbi ìsomọ́. Ẹ lo moment: 600 × d = 60 × 4. Nítorí náà d = 0.4. Èyí ni pé àárín ìwúwo gbọ́dọ̀ wà ní sẹ̀ǹtímítà 40 níwájú irin ìdábùú náà. Kò gba owó rárá. Kí wọ́n ti ọkọ̀ síwájú lórí tírélà, ó ti parí.

Ìkejì ni bẹ́árìn. Tí tírélà bá rìn jìnnà, bẹ́árìn á gbóná. Tí wọ́n bá tì í wọnú omi tútù lójú ẹsẹ̀ láti já ọkọ̀ sómi, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi wọlé. Gírísì á bàjẹ́, bẹ́árìn á jẹ, táyà á sì yọ lójú títì. Ẹ jẹ́ kó tutù kó tó wọ omi. Ẹ fi jáàkì gbé e, ẹ yí táyà lọ́wọ́. Tó bá ń dún bí ẹni ń lọ ata, ìgbà ti tó láti pààrọ̀ rẹ̀.

Ìkẹta ni táyà. Nọ́mbà mẹ́rin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2019 nìyẹn. Táyà tírélà kì í sábà jẹ tán kó tó gbó, torí pé ìdúró lójú oòrùn ló ń pa á. Tọ̀kúnbọ̀ tó ní eyín dáadáa lè ti gbó ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí náà ẹ ka nọ́mbà náà kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ìkìlọ̀ kan ṣì kù. Kí wọ́n tó gbé òpó dúró lórí tírélà, kí wọ́n wòkè. Alúmíníọ̀mù ń gbé iná. Tí òpó bá kan wáyà NEPA, gbogbo ẹni tó fọwọ́ kàn án ló wà nínú ewu ikú.

Bí owó kò bá tó

Ẹ tò ó báyìí. Àkọ́kọ́ ni ohun tó lè pa èèyàn: pín, wáyà, bẹ́árìn, táyà, àti ṣéènì tó so tírélà mọ́ mọ́tò bí ibi ìsomọ́ bá já. Ẹ̀ẹ̀kejì ni ohun tó ń mú iṣẹ́ rọrùn: púlì àti okùn. Ẹ̀yìn wọn ni ọ̀dà àti ohun tó ń dán.

Ẹ mú ètò yìí bọ̀ wá sílé. Ọkọ̀ tó ń kó òkúta láti Ìjerò, píkọ́ọ̀pù tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sọ́jà Arámọkọ, púlì orí kànga àdúgbò yín, gbogbo wọn ló ní ibi tí ẹrù ń gbà.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

1. Ìgbòkun kan ń fà pẹ̀lú 600 N. Velocity ratio jẹ́ 3, efficiency jẹ́ 80%. Agbára mélòó la máa fi fà á?

2. Ọkọ̀ àti tírélà jẹ́ kílò 500. Ibi ìsomọ́ jìnnà sí irin ìdábùú ní mítà 3. A fẹ́ kílò 50 níbi ìsomọ́. Níbo ni àárín ìwúwo máa wà?

3. Ẹ ya kànga kan tàbí ọkọ̀ akẹ́rù kan ní àdúgbò yín. Ẹ fi ọfà tọ́ka ibi tí ẹrù ń gbà, kẹ́ ẹ sì fi àmì sí ibi tí ẹ rò pé ó máa kọ́kọ́ já.

Ẹ kó ìdáhùn yín fún olóòtú. A ó lẹ ìdáhùn àti àwòrán tó dára jù mọ́ pátákó yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.