Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá sì wúlò fún ẹnikẹ́ni lóde òní, ó wúlò fún àwọn ọmọ wa, ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, tí ìdúró wákàtí 12 ní wọ́ọ̀dù ti sú, tí wọ́n sì ń gbèrò àtifi ilé ìwòsàn sílẹ̀ láti máa lọ tọ́jú aláìsàn nínú ilé rẹ̀. Ẹ́jẹ́ńsì tí ń rán nọ́ọ̀sì lọ sí ilé aláìsàn á pè wọ́n, á ní dọ́là 60 ni òun ń san lórí àbẹ̀wò kan, á ní àbẹ̀wò náà kò ju ìṣẹ́jú 45 lọ. Inú onítọ̀hún á dùn, á sì rò pé ọ̀nà ti là. Ẹ̀fà nìyẹn.

Iṣẹ́ ọlá ni iṣẹ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú tín-ín-rín rẹ̀. Láti ọdún 1893 tí Lillian Wald ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn ilé àwọn tálákà New York láti tọ́jú wọn lórí ibùsùn wọn, nọ́ọ̀sì tí ń wọlé tọ aláìsàn ni ó ń rí ohun tí dókítà kò lè rí: oúnjẹ tí kò sí nílé, oògùn àtọ̀gbẹ tí a kò tíì ṣí, ìyá arúgbó tí ó ń dá gbé tí kò sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n ọlá kì í san owó ilé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí ó ti rí gan-an.

Bí àbẹ̀wò dọ́là 60 bá gba ìṣẹ́jú 45 lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, tí ọ̀nà gba 30, tí àkọsílẹ̀ gba 30 mìíràn, tí pípe dókítà, ilé ìtajà oògùn àti ọmọ aláìsàn sì gba 15, wákàtí 2 ni ó lọ sí i. Dọ́là 30 péré ni wákàtí kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó ń tan ènìyàn jù ni àbẹ̀wò àkọ́kọ́ tí a fi ń gba aláìsàn wọlé, èyí tí Medicare, ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ fún àwọn àgbàlagbà, ní kí a ṣe láàárín wákàtí 48 tí aláìsàn délé, àfi bí dókítà bá dá ọjọ́ mìíràn. Ìwé àyẹ̀wò gígùn tí wọ́n ń pè ní OASIS wà níbẹ̀, gbogbo oògùn inú ilé ni a ó sì yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá san dọ́là 120 fún un, tí ó sì jẹ wákàtí 5 pátápátá, dọ́là 24 ni wákàtí kan: owó tí ó dà bí ìlọ́po méjì ti wá kéré sí ti àbẹ̀wò lásán.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí owó ṣe ń wọlé fún ẹ́jẹ́ńsì fúnra rẹ̀. Ṣáájú oṣù kẹwàá ọdún 2000, iye tí àbẹ̀wò ná ẹ́jẹ́ńsì ni Medicare ń wò kí ó tó sanwó. Láti ìgbà náà ni ó ti di odidi owó kan fún ọjọ́ 60, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kìíní ọdún 2020, wọ́n sọ ọ́ di ti ọjọ́ 30. Irú àìsàn tí ń ṣe ènìyàn, àti bí agbára rẹ̀ ti mọ láti wẹ̀, láti wọṣọ àti láti rìn, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́ sínú OASIS, wà lára ohun tí ń pinnu iye owó náà. Nítorí náà, nígbà tí nọ́ọ̀sì bá jókòó ti kọ̀ǹpútà ní òru, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti sùn, ìwé tí ẹ́jẹ́ńsì yóò fi gbowó ni ó ń kọ. Kí ló dé tí òru náà yóò fi lọ lófo?

Ọkọ̀ pẹ̀lú ní ìnáwó tirẹ̀. Ní ọdún 2025, sẹ́ńtì 70 ni ilé iṣẹ́ owó-orí ìjọba àpapọ̀ kà sí ìnáwó máìlì kan. Ẹni tí ó bá wa máìlì 60 lóòjọ́ ti ná dọ́là 42, bí ẹ́jẹ́ńsì kò bá sì dá a padà, òfin owó-orí ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí òṣìṣẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú owó tí wọ́n ń bu owó-orí lé láti ọdún 2018. Bí wọ́n bá ní fọ́ọ̀mù 1099, ti ẹni tí ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, ni àwọn yóò fún un dípò W-2, ti òṣìṣẹ́, òun nìkan ni yóò san ìdá 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún fún Social Security àti Medicare, èyí tí òun àti agbanisíṣẹ́ ìbá pín san.

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ béèrè iye àbẹ̀wò tí wọ́n ń retí lóòjọ́, nítorí márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ọ̀pọ̀ ẹ́jẹ́ńsì ń dárúkọ kì í rọrùn bí ilé àwọn aláìsàn bá jìnnà síra. Ẹ béèrè ohun tí wọn yóò san bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti gbé aláìsàn padà sí ilé ìwòsàn, àti ẹni tí yóò máa gbé fóònù òru. Ẹ̀yin LPN (licensed practical nurse) ní pàtàkì, òfin iṣẹ́ ọdún 1938 fún yín ní ẹ̀tọ́, ní gbogbogbòò, sí owó wákàtí kan ààbọ̀ lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ó bá kọjá 40 lọ́sẹ̀, àkókò tí ẹ fi ń ti ilé aláìsàn kan lọ sí òmíràn sì jẹ́ àkókò iṣẹ́.

Èyí tí ó kù ni mo fẹ́ sọ láìfi bọpobọyọ̀. Bí owó kò bá tó, ẹ má ṣe fi ara aláìsàn dí i. Ẹni tí ó kọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò wọ̀n, tàbí tí ó fọwọ́ sí àbẹ̀wò tí kò ṣe, ti ja ìjọba lólè, ó ti fi ẹ̀mí ẹni ẹlẹ́ni wewu, ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ayé. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ti di ẹni tó ni ẹ́jẹ́ńsì, bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá: ẹni tí ẹ ń fi dọ́là díẹ̀ rán kiri lóru lè jẹ́ ọmọ àbúrò yín, nítorí náà ẹ san owó máìlì, kí ẹ sì san owó àkọsílẹ̀.

Ẹni tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, kí ó mú ìwé kékeré kan, kí ó fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ìgbà tí ó kúrò nílé, ìgbà tí ó wọlé aláìsàn kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí ó jáde, àti ìgbà tí ó parí àkọsílẹ̀ ní alẹ́. Kí ó pín owó tí ó gbà sí gbogbo wákàtí náà, kí ó sì gbé ìwé náà lọ bá ọ̀gá rẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ béèrè àfikún owó tàbí kí àbẹ̀wò dín kù. Bí ọ̀gá bá kọ̀, kí ó fi iye tí ó rí níbẹ̀ wé ohun tí ilé ìwòsàn ń san fún wákàtí kan, kó tó pinnu ibi tí yóò gbà.