Bí Ara Kò Bá Pèsè Cortisol Tó: Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Kọ Sínú Àkọsílẹ̀ Ìlera Yín

Ìwé pélébé yìí wà fún ẹ̀yin olùgbé Manchester tí ara yín kò pèsè cortisol tó, àti fún ẹnikẹ́ni tí ó ti ń lo oògùn sítẹ́rọ́ìdì láti ìgbà pípẹ́. Ohun tí a kọ sílẹ̀ nípa yín ni ó dá lé, ju oògùn fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yà ara kékeré kan wà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní adrenal. Láti ibẹ̀ ni cortisol ti ń wá, èròjà tí kì í jẹ́ kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀, tí ó sì ń fún ara ní agbára láti dojú kọ ibà, ọgbẹ́ àti iṣẹ́ abẹ. Bí kò bá tó, ó máa ń rẹ ènìyàn láìnídìí, ènìyàn a máa rù, òòyì a máa kọ́ ọ bí ó bá dìde, iyọ̀ a sì máa wù ú jẹ. Bí àìsàn mìíràn bá tún wá bá a nínú ipò yìí, ó lè dákú, ó sì lè kú bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ hydrocortisone, 100 mg fún àgbàlagbà, ni a kọ́kọ́ ń gún fún un. Ìyẹn kò ṣòro. Ohun tí ó ṣòro ni kí ẹni tí ó dé bá a mọ̀ pé òun ni ó nílò, nígbà tí ẹnu aláìsàn kò gbà á láti sọ ọ́.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni àìtó yìí ń gbà wáyé. Èkíní ni èyí tí Thomas Addison, dókítà ní Guy's Hospital ní London, ṣàpèjúwe ní ọdún 1855: àwọn ẹ̀yà ara náà gan-an ni ó bàjẹ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ó sábà máa ń fà á láyé ìgbà náà. Ní ilẹ̀ yìí lónìí, agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn ni ó sábà máa ń kọjú ìjà sí wọn. Èkejì wọ́pọ̀ jù ú lọ. Bí ènìyàn bá ń lo prednisolone 5 mg tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀, bóyá nítorí asthma tàbí oríkèé ríro, ara lè dáwọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ dúró. Ẹ má ṣe dá irú oògùn bẹ́ẹ̀ dúró lójijì.

Bí a ṣe ń kọ ọ́

Láti ọdún 2018 ni àwọn ibùdó GP ní England ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwọn àmì SNOMED CT: àìsàn kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀ tí kọ̀ǹpútà lè dá mọ̀. Ní ilé ìwòsàn, òṣìṣẹ́ kan máa ń ka ohun tí dókítà kọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, yóò sì fi àmì ICD-10 sí i: E27.1 fún irú ti Addison, E27.2 bí ó bá ti di pàjáwìrì, E27.3 bí ó bá jẹ́ oògùn ni ó fà á. Òṣìṣẹ́ náà kò ní àṣẹ láti méfò. Bí dókítà bá kọ pé ẹ ń lo hydrocortisone láìkọ ìdí rẹ̀, kò lè tipa orúkọ oògùn fi àìsàn kún un. Bákan náà ni lẹ́tà ilé ìwòsàn lè wà nínú fáìlì yín lọ́dọ̀ GP láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi àmì rẹ̀ sí ibi tí kọ̀ǹpútà yóò ti rí i. Lẹ́tà wà, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kò sí.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni Manchester Royal Infirmary, Wythenshawe àti North Manchester General bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò kan ṣoṣo tí ń jẹ́ Hive, èyí tí ẹ lè wo apá tiyín nínú rẹ̀ lórí MyMFT. Àkọsílẹ̀ GP yàtọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹ bi GP yín ní ìbéèrè yìí gan-an: ṣé wọ́n ti fi àmì àìsàn yìí sí àkọsílẹ̀ mi, àbí inú lẹ́tà nìkan ni ó wà?

Orúkọ àti ìpara

Ọ̀rọ̀ orúkọ kàn wá gan-an. Ẹni tí ń jẹ́ Olúwaṣeun níbì kan lè jẹ́ Ṣeun níbòmíràn. Wọ́n lè fi orúkọ bàbá sí ipò orúkọ àbísọ, ìyàwó sì lè máa jẹ́ orúkọ ilé ọkọ ní ibi kan ṣoṣo. Báyìí ni ènìyàn kan ṣe ń ní àkọsílẹ̀ méjì, tí àìsàn rẹ̀ á wà nínú ọ̀kan, tí kò sì ní sí nínú èkejì. Ẹ lo orúkọ kan náà níbi gbogbo, kí ẹ sì mú nọ́ńbà NHS yín, tí ó jẹ́ díjíìtì 10, dání.

Àwọn ìpara tí ń mú ara pupa tún wà tí clobetasol wà nínú wọn. Sítẹ́rọ́ìdì líle ni, ìwé dókítà sì ni a fi ń rà á ní ilẹ̀ yìí. Bí a bá ń fi í pa gbogbo ara fún oṣù púpọ̀, ó lè gba awọ wọlé kí ó sì dá iṣẹ́ adrenal dúró. Kò sí nínú àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni, nítorí pé dókítà kankan kò kọ ọ́. Ẹ mú ike tàbí páálí rẹ̀ lọ hàn wọ́n. Ìtọ́jú ni ẹ bá lọ, kì í ṣe ẹjọ́. Lọ́nà kejì, irú ti Addison máa ń mú awọ dúdú sí i, èyí tí kì í tètè hàn lára àwa adúláwọ̀. Bí èrìgì, ìlà àtẹ́lẹwọ́ tàbí ojú àpá bá ti dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ sọ fún dókítà kí ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ó wà lọ́wọ́ yín

Ní ọdún 2020 ni NHS gbé káàdì Steroid Emergency Card jáde, kí òṣìṣẹ́ pàjáwìrì lè mọ ohun tí yóò ṣe. Ẹ béèrè fún un lọ́wọ́ GP, apòògùn tàbí ilé ìwòsàn, kí ó máa wà nínú pọ́ọ̀sì yín. Ẹ tún béèrè fún fọ́ọ̀mù FP92A: àìsàn yìí wà lára àwọn tí a kì í sanwó oògùn fún, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì máa ń tó ọdún 5.

Bí ibà bá dé, ẹ fi oògùn kún un gẹ́gẹ́ bí dókítà ti kọ ọ́ fún yín. Bí ẹ bá ń gba ààwẹ̀, ẹ bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú. Bí ẹ bá ń bì tí oògùn kò dúró nínú, ẹ gún abẹ́rẹ́ yín bí ó bá wà nílé, kí ẹ pe 999, kí ẹ sì sọ “adrenal crisis” bí ó ṣe wà yìí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kí gbogbo ará ilé mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sórí.

Fún ìpàdé pẹ̀lú dókítà, ògbufọ̀ Yorùbá wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ béèrè fún un ní ọjọ́ tí ẹ bá ń gba àkókò, kí ó má baà jẹ́ ọmọ yín ni yóò máa túmọ̀.