Ta Ni Yóò Wo Ẹni Tí Oògùn Olóró Di Bárakú Fún?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, a mọ̀ pé gbogbo ohun tó ń pa làákàyè, harámù ni. Ẹni tó ti di bárakú fún ńkọ́? Ìwádìí ọdún 2018 ní Nàìjíríà fi hàn pé nínú ẹni márùn-ún tó ń lo oògùn olóró, ó ti di àìsàn sí ẹnì kan lára. Wáàsí nìkan kò tó. Bí ọ̀mùtí paraku bá ṣàdédé jáwọ́ láìsí dókítà nítòsí, gìrì lè gbé e, ó sì lè kú.

Àwọn àáfà àgbà ka ìmọ̀ ìṣègùn mọ́ farudu kifaya: bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ́ ọ, gbogbo ìlú ló jẹ̀bi. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí yunifásítì, ẹ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ìṣègùn ọpọlọ. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ àǹfààní. Àmín.