ÀÌRÍṢẸ́ṢE: BÍ A ṢE Ń KÀ Á ÀTI OHUN TÍ Ó Ń FÀ Á

Bí ènìyàn bá gba Kàbà, Ìyàrà, Ìsánlú tàbí Mopa kọjá ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, yóò rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jókòó lábẹ́ igi tàbí ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, tí ìwé ẹ̀rí wọn sì wà nínú àpótí nílé. Àwọn àgbà tí ń lọ sí oko a máa mi orí, wọn a sì wí pé ọ̀lẹ ti pọ̀ jù ní ayé òde òní. Àwọn ọ̀dọ́ náà a fèsì pé iṣẹ́ ni kò sí. Ta ni ó jàre nínú wọn?

Ẹjọ́ yìí kì í ṣe ẹjọ́ kékeré. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀lẹ ni, ìbáwí ni oògùn rẹ̀; ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ni kò sí, kò sí bí a ti lè bá ọmọ wí tó tí iṣẹ́ yóò fi hù láti inú ilẹ̀. Nítorí náà ó tọ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń pè ní aláìríṣẹ́ṣe, bí a ṣe ń ka irú ẹni bẹ́ẹ̀, àti ohun tí ó ń sọ ènìyàn dà bẹ́ẹ̀.

TA NI ALÁÌRÍṢẸ́ṢE?

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ni aláìríṣẹ́ṣe. Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1919, ti fi ìbéèrè mẹ́ta lélẹ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè ń lò. Èkíní: ní ọ̀sẹ̀ kan tí a ń béèrè nípa rẹ̀, ǹjẹ́ ẹni náà ṣe iṣẹ́ fún owó tàbí fún èrè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ fún wákàtí kan péré? Èkejì: bí kò bá ṣe é, ǹjẹ́ ó wá iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ó kọjá? Ẹ̀kẹta: bí iṣẹ́ bá yọ, ǹjẹ́ ó ti múra tán láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Ẹni tí ó bá dáhùn pé rárá sí èkíní, tí ó sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni sí méjì ìyókù, òun nìkan ni aláìríṣẹ́ṣe nínú ìwé ìṣirò.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wo àwọn ènìyàn tí ó wà láàárín wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò wá iṣẹ́, ìyá arúgbó tí ó ti fi ẹ̀yìn tì, àti aláìsàn tí kò lè dìde, wọn kì í ṣe aláìríṣẹ́ṣe. Ìta agbo iṣẹ́ ni wọ́n wà. Obìnrin tí ó ta ẹ̀wà sísè ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan ṣoṣo wà lára àwọn tí ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, tí ó kọ ìwé ìwáṣẹ́ títí ó fi sú u, tí kò sì kọ òmíràn mọ́ láti oṣù méjì, òun náà ti bọ́ kúrò nínú iye àwọn aláìríṣẹ́ṣe. Kò rí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò wá a mọ́, a kò kà á. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí òǹkàwé fi sọ́kàn nígbà tí ó bá gbọ́ iye kan lórí rédíò.

BÍ A ṢE Ń ṢE ÌṢIRÒ NÁÀ

Kí a fi abúlé kan tí kò sí níbì kankan ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé àwọn tí ó ti tó ẹni ọdún 15 sókè níbẹ̀ jẹ́ 100. Nínú wọn, 25 jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, arúgbó àti àwọn mìíràn tí kò wá iṣẹ́. Ó ku 75. Àwọn wọ̀nyí ni agbo iṣẹ́. Nínú 75 yìí, 72 ṣe iṣẹ́ tí ó tó wákàtí kan ó kéré tán. Àwọn 3 ìyókù ń wá iṣẹ́ kiri. Kì í ṣe 100 ni a ó fi pín 3 yìí, bí kò ṣe 75. Èsì rẹ̀ ni 4 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìjọba kò lè máa bi gbogbo ènìyàn orílẹ̀-èdè léèrè ní gbogbo ìgbà. Nítorí náà Àjọ tí ń ṣe Ìṣirò fún Ìjọba Àpapọ̀, tí a mọ̀ sí NBS, a máa yan àwọn agbo ilé díẹ̀ káàkiri ìlú ńlá àti abúlé, láìfi ti ojúsàájú ṣe, a sì rán akọ̀wé lọ bá wọn. Ó dàbí ìyá tí ó fi ṣíbí kan tọ́ ọbẹ̀ wò: bí ó bá ti ro ìkòkò náà dáradára, ṣíbí kan tó láti mọ̀ bóyá iyọ̀ pé.

MÙDÙ TÍ Ó YÍ PADÀ

Àjọ NBS kéde pé ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn ọdún 2020, aláìríṣẹ́ṣe jẹ́ 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún, èyíinì ni ẹnì kan nínú mẹ́ta. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, àjọ kan náà kéde pé ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023, iye náà jẹ́ 4.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹnu ya ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn mìíràn sì wí pé irọ́ gbáà ni.

Kì í ṣe irọ́. Mùdù ni a pààrọ̀. Ẹni tí ó bá gbé òkìtì gàrí kan wá sí ọjà Kàbà, tí ó fi mùdù kékeré wọ̀n ọ́n lónìí, tí ó sì fi mùdù ńlá wọ̀n ọ́n lọ́la, iye tí yóò kà kò ní dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni gàrí náà kò dín, kò sì pọ̀ sí i. Lábẹ́ òfin àtijọ́, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tó wákàtí 20 ní ọ̀sẹ̀ kan ni a ń kà mọ́ aláìríṣẹ́ṣe. Lábẹ́ òfin tuntun, tí ó bá ti àwọn orílẹ̀-èdè yòókù mu, wákàtí kan péré ti tó láti wà lára àwọn tí ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí abúlé àpẹẹrẹ wa. Bí 12 nínú àwọn 72 tí ń ṣiṣẹ́ kò bá ṣe tó wákàtí 20, òfin àtijọ́ yóò kó wọn kún àwọn 3, wọn yóò sì di 15. Bí a bá fi 75 pín 15, èsì rẹ̀ ni 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí ó jẹ́ 4 lábẹ́ òfin kan di 20 lábẹ́ òfin kejì, láìjẹ́ pé ẹnì kan gba iṣẹ́ tàbí pàdánù iṣẹ́.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá gbọ́ 4.1 kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ bẹ́ sí ijó. Ìwé kan náà fi hàn pé nínú àwọn tí ń ṣiṣẹ́, 12.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni iṣẹ́ wọn kò tó wákàtí 40 ní ọ̀sẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi hàn pẹ̀lú pé bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ó dá òwò ara rẹ̀ sílẹ̀ tàbí tí ó ń ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ fún ìkòkò ara rẹ̀ nìkan, tí kò tà, a kò tilẹ̀ kà á mọ́ àwọn tí ó ní iṣẹ́ lówó.

Ìdí tí iye náà fi kéré kò ṣòro láti rí. Ní àwọn ilẹ̀ tí ìjọba ti ń fún aláìríṣẹ́ṣe ní owó oúnjẹ, ènìyàn lè jókòó títí yóò fi rí iṣẹ́ tí ó bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ mu. Níhìn-ín, ebi kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó gba oyè ní yunifásítì a gun ọ̀kadà, a sì ta káàdì ìpè. Ó ti ríṣẹ́ nínú ìwé. Ṣùgbọ́n òun àti ìyá rẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ tí wọ́n ń retí kọ́ nìyí.

OHUN TÍ Ó Ń FÀ Á

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà mẹ́rin pàtàkì ni àìríṣẹ́ṣe ń gbà wọ ìlú.

Èkíní ni ìyípadà àkókò. Ní ilẹ̀ Òkun, iṣẹ́ oko pọ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, iṣẹ́ a dín kù, ọ̀pọ̀ a sì wá iṣẹ́ lọ sí ibòmíràn. Bákan náà ni ẹni tí ó fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ lè lo oṣù díẹ̀ kí ó tó rí òmíràn. Irú èyí kì í pẹ́.

Èkejì ni ìyípadà nínú iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Nígbà kan rí, àwọn obìnrin Bùnú lókìkí fún aṣọ híhun, pàápàá aṣọ pupa tí a fi ń sin àwọn ẹni ńlá. Nígbà tí aṣọ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú dé ọjà, iṣẹ́ ìhunṣọ wọn rẹ̀yìn. Kì í ṣe pé ọwọ́ wọn rọ. Ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ ni ọjà kò béèrè mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ tí ìwé rẹ̀ mú un yẹ fún ọ́fíìsì nìkan, nígbà tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń wá ẹni tí ó lè tún ẹ̀rọ ṣe.

Ẹ̀kẹta ni kí ọjà gbogbo dákẹ́. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1929, aláìríṣẹ́ṣe kò ju bí 3 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 1933, wọ́n ti tó bí 25. Ní Nàìjíríà, owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, ìjọba kò sì lè gba òṣìṣẹ́ bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Ọrọ̀-ajé orílẹ̀-èdè yìí tún sún kì ní ọdún 2016, àti ní ọdún 2020 nígbà àrùn kòrónà. Bí olówó oṣù kò bá rí owó gbà, aránṣọ kò ní rí aṣọ rán, ọmọ-iṣẹ́ aránṣọ náà a sì padà sílé.

Ẹ̀kẹrin ni àìsí ohun tí ó yẹ kí iṣẹ́ rọ̀ mọ́. Ọdún 1979 ni a dá ilé-iṣẹ́ irin Ajàòkúta sílẹ̀, tí a sì retí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀; títí di òní, a kò tíì tan iná ìléru ńlá rẹ̀ láti yọ́ irin. Ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì Obájànà ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn sí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan kò lè gba gbogbo ọmọ tí ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún. Níbi tí iná mànàmáná kò ti dúró, tí ọ̀nà oko kò dára, tí ẹ̀rù àwọn ajínigbé kò sì jẹ́ kí àgbẹ̀ lè sùn ní oko, owó tí ì bá gba ọ̀dọ́ sí iṣẹ́ kì í wọ ibẹ̀.

TA NI Ó JÀRE?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ẹjọ́ àgbà àti ọ̀dọ́. Òótọ́ ni pé ọ̀lẹ wà ní gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ wo Amẹ́ríkà: ṣé ó ṣeé ṣe kí àwọn ènìyàn tí ń ṣiṣẹ́ kára ní ọdún 1929 di ọ̀lẹ ní ọdún mẹ́rin péré? Nígbà tí iṣẹ́ sì padà dé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n padà sí ẹnu iṣẹ́. Ọ̀lẹ kì í ran ènìyàn bí àrùn, kì í sì í lọ lẹ́ẹ̀kan náà lára gbogbo ìlú. Bí ó bá jẹ́ ọmọ kan ni kò ṣiṣẹ́, kí a wádìí ìwà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò, kí a wádìí ọjà.

Ohun kan wà tí gbogbo ilé lè ṣe. Nígbà tí akọ̀wé ìṣirò bá dé, àwọn kan a fi òwò wọn pamọ́ nítorí ẹ̀rù owó orí. Àwọn mìíràn a wí pé gbogbo ilé ni kò níṣẹ́, ní ìrètí pé ìrànwọ́ yóò dé. Àwọn méjèèjì ń ba ọbẹ̀ jẹ́ kí a tó tọ́ ọ wò. Kí olúkúlùkù sọ iye wákàtí tí ó fi ṣiṣẹ́ gan-an, kí ó sì sọ bí ó bá fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí bàbá má ṣe dáhùn dípò ọmọ tí ó wà nílé; ọmọ náà ni ó mọ ìgbà tí ó wá iṣẹ́ kẹ́yìn. Ọmọ tí a kò kà, kò sí ẹni tí yóò pèsè fún un.